Bíbéèrè Ìwé Owó Kì í Ṣe Àfojúdi

Nígbà tí ìsinmi bá dé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá ń ti Èkó, Ifẹ̀, Àgọ́-Ìwòyè àti Adó-Èkìtì padà sílé, ilé tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó a máa ní ìdùnnú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọdún kan péré ni ọmọ náà tíì lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ oyè ti ṣáájú ìwúyè dé: "Ákáńtáǹtì wa ti dé o!" Ìyá rẹ̀ yóò mú un lọ sí ọjà kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i. Bàbá rẹ̀ yóò máa pè é láti ìta kí aládùúgbò lè gbọ́. Ohun gbogbo yóò máa lọ déédéé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọmọ náà bá kúnlẹ̀, tí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tí ń gba owó ilé ìdílé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, pé: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, níbo ni ìwé tí ẹ ń kọ owó ilé sí wà? Mo fẹ́ fi kọ́ iṣẹ́ mi ni." Lójú ẹsẹ̀, ilé yóò pa lọ́lọ́. Ẹni tí ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ẹlòmíràn yóò ní: "Ṣé ohun tí wọ́n fi owó wa kọ́ ọ nìyẹn, pé kí o wá máa tú àgbà lápò wò?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí àwọn ẹbí gbé yẹ̀ wò kí ọdún kejì ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí òbí máa fi ọmọ rẹ̀ yangàn. Ohun tí ó burú ni kí a rán ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ tí a kò ní jẹ́ kí ó ṣe lójú wa, kí a sì wá fi àṣà bojú, kí a máa wí pé Yorùbá kì í bi àgbà léèrè owó. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Àṣà Yorùbá kò kọ ìṣirò rí. Ẹni tí ó bá wo àṣà náà dáadáa yóò rí i pé orí ìṣirò ni ó jókòó lé.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń yan iṣẹ́ yìí fún ọmọ wọn kò ṣòro láti mọ̀. Akíntọ́lá Williams, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1919, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí ákáńtáǹtì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949. Ní 1952 ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, nígbà tí iṣẹ́ yíyẹ ìwé owó àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wò ṣì wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Nígbà tí òfin dá ẹgbẹ́ àwọn ákáńtáǹtì ilẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1965, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ICAN, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ní 1994 obìnrin àkọ́kọ́ jókòó sí ipò ààrẹ náà, Olútóyìn Olákùnrin. Williams pé ọdún 104 kí ó tó papò dà ní 2023, kò sì sí ìwé ìròyìn pàtàkì ní ilẹ̀ yìí tí kò kọ nípa rẹ̀.

Òbí tí ó bá gbọ́ irú ìtàn yìí yóò rí ilé, yóò rí ọkọ̀, yóò sì rí ọ̀wọ̀. Ohun tí kì í sábà rí ni ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe tí ó fi gba ọ̀wọ̀ ọ̀hún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó jókòó síwájú àwọn tí ó lówó jù ú lọ, tí wọ́n lágbára jù ú lọ, kí ó sì bi wọ́n pé: owó yìí, ibo ni ó gbà wọlé, ibo ni ó gbà jáde, kí sì ni ẹ̀rí? Bí ó bá jẹ́ pé ilé tí wọn kì í ti í bi àgbà léèrè ni ó ti mú ìwà rẹ̀ wá, kò bá ti lè ṣe iṣẹ́ náà fún ọjọ́ kan.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ohun tí ojú ọmọ ọdún kìn-ín-ní ń rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ ni ó yan ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ òfin, máàkì JAMB rẹ̀ kò tó. Ẹlòmíràn fẹ́ràn eré orí ìtàgé, bàbá rẹ̀ ní kò sí owó níbẹ̀. Wọ́n dé kíláàsì tí ó kún bí ọjà ọjọ́ márùn-ún, ẹlòmíràn á dúró lẹ́bàá fèrèsé kọ ìwé, a kì í sì í gbọ́ ohùn olùkọ́ dáadáa. Ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀-ajé wà níbẹ̀, ìṣirò ti ọlọ́jà wà níbẹ̀, ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ń ba àwọn tí kò ṣe é ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́rù jù ni ojú ìwé tí wọ́n fi ìlà pín sí méjì, tí wọ́n pe ọwọ́ òsì rẹ̀ ní dẹ́bíìtì, tí wọ́n pe ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní kírẹ́díìtì.

Ohun tí ojú ìwé yìí ń wí kò lágídí rárá. Ká ní ìyá oníṣòwò fi N50,000 ra ọjà sínú ṣọ́ọ̀bù. Owó dín nínú àpótí, ọjà sì pọ̀ lórí pẹpẹ. Nǹkan kan ṣoṣo ni ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó kọ ọ́: ọjà tí ó wọlé ní ọwọ́ òsì, owó tí ó jáde ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí oṣù bá parí tí àròpọ̀ òsì kò bá dọ́gba pẹ̀lú àròpọ̀ ọ̀tún, a jẹ́ pé ẹnìkan ti gbàgbé nǹkan, tàbí ẹnìkan ti ṣe àṣìṣe. (Kí àgbàlagbà má ṣe bínú pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń gba nǹkan wọlé nínú ìwé yìí. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti yọ̀ǹda rẹ̀.) Àlùfáà ará Itálì kan, Luca Pacioli, ni ó ṣàlàyé ọ̀nà yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ìlú Venice ní 1494. Òun kọ́ ni ó hùmọ̀ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ìlú wọ̀nyẹn ti ń lò ó tipẹ́ kí ó tó kọ ọ́ sínú ìwé. Àṣà ọjà ni ó kọ́kọ́ wà. Ìwé ni ó wá tẹ̀lé e.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún ọmọ ọdún kìn-ín-ní. Nítorí náà ni ó fi ń há ẹ̀kọ́ náà sórí bí ẹni tí ń kọ́ oríkì ìdílé ẹlòmíràn: ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń kì. Ó ń bẹ̀rù àyọkúrò, bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni ó ti ń yọ nǹkan kúrò láì mọ̀. Bí ọmọ Yorùbá bá pe márùndínláàádọ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ó mú ọgọ́ta, ó yọ mẹ́wàá kí ó lè di àádọ́ta, ó sì tún yọ márùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń ṣe èyí nígbà tí ó bá ń ka àgbàdo.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ míràn. Bí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ bá ń ka ìròyìn tí ó dé orí mílíọ̀nù kan náírà, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni yóò pè é. Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbọ́ ọ ni ó mọ̀ pé ọ̀kẹ́ ni àpò tí wọ́n ń kó owó ẹyọ sí? Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ó ń jẹ́ ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó kún ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì di 1,000,000 gééré. Àwọn tí kò mọ̀wé kọ ni ó to ètò yìí, márùn-ún márùn-ún ni ọwọ́ wọn sì ń kà á nílẹ̀ ọjà. Ohun tí olùkọ́ yunifásítì ń pè ní kíkó owó sí ìsọ̀rí kò ju èyí lọ.

Ti gbèsè ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú-owó àti èlé, kí ó lọ bèèrè ohun tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀fà lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ẹni tí ó bá yá owó láyé àtijọ́ lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn nínú oko olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé nìkan, kò dín ojú-owó kù. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kí gbèsè sì wà bí ó ti wà ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Sámúẹ́lì Johnson ṣàlàyé òfin àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Àṣà náà korò, ó sì dára bí ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó oúnjẹ rẹ̀ tán ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, tí ó lọ yá owó lórí fóònù, tí ó wá ń san èlé lórí èlé, ìwọ̀fà ni ó ń ṣe láìmọ̀. Kò kàn sí oko tí a lè tọ́ka sí ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé bíbèèrè gbèsè jẹ́ ìtìjú lójú Yorùbá, kí ó rántí àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló. Ìlú dé ìlú ni wọ́n ń ru aṣọ kiri, wọ́n ń tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ bá pé wọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Orúkọ wọn gan-an ti sọ ohun tí wọ́n wá ṣe.

Ní báyìí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn àgbà kan yóò gbà pé òótọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n wọn yóò ní ìfọkàntán ni ilé wa ń lò, kì í ṣe ìwé. Wọn yóò sì tọ́ka sí aláàjọ Ṣómólú. Ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Èkó? Bí orí ẹnìkan bá pé, wọ́n á ní ó pé bíi ti aláàjọ Ṣómólú, ẹni tí ó ń gba owó àwọn ọlọ́jà fún ọgbọ̀n ọjọ́ láì kọ orúkọ sílẹ̀, tí kò sì ní ṣi owó ẹnìkan san nígbà tí oṣù bá parí. Ìyìn ńlá ni, ó sì tọ́ sí i.

Síbẹ̀, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi di àṣàyàn ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn ni pé ẹni kan ṣoṣo ni a rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aláàjọ yòókù ní káàdì. Ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó wà lórí káàdì náà, wọ́n ń fàlà sí i lójoojúmọ́, ọ̀kan wà lọ́wọ́ aláàjọ, èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó dá a, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì ni owó iṣẹ́ aláàjọ. Kò sí ìyá oníṣu tí ó bínú rí nítorí pé aláàjọ ní káàdì. Kò sì sí aláàjọ tí ó bínú rí nítorí pé ìyá oníṣu ń fi káàdì tirẹ̀ wé ti òun. Káàdì méjì, ìlà méjì, owó kan. Ohun tí Pacioli kọ sínú ìwé rẹ̀ kò jìnnà sí èyí. Ẹni tí orí rẹ̀ jẹ́ ìwé rẹ̀, tí ibà bá dá a dùbúlẹ̀ ńkọ́? Tí ọlọ́jọ́ bá dé ńkọ́?

Àṣà ìgbéyàwó gan-an ń ta ko àwọn tí wọ́n ní kíkà jẹ́ àbùkù. Ní ọjọ́ ìdána, àwọn ẹbí ọkọ yóò kó ẹrù dé. Wọn yóò ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí ẹbí ìyàwó ti fún wọn tẹ́lẹ̀: iṣu méjìlélógójì, orógbó, obì, ataare, oyin, iyọ̀, àpótí aṣọ. Alága ìjókòó yóò ní kí wọ́n máa pè é, àwọn ìyàwó ilé yóò sì máa tò ó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí iṣu bá jẹ́ mọ́kànlélógójì, gbogbo ilé ni yóò gbọ́. Ṣé nítorí pé wọ́n ka ẹbí ọkọ sí olè ni? Rárá o. Kíkà náà ni ọ̀wọ̀. Ẹbí tí kò bá ka ẹrù rẹ̀ lójú ènìyàn ni wọ́n ń fojú tínrín. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí onígbèsè bá ń san owó láyé àtijọ́, níwájú ẹlẹ́rìí ni yóò ti san án, kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn lọ́la. Níbo wá ni àwọn ìdílé kan ti rí àṣà pé owó ilé ìdílé, owó ilẹ̀ tí wọ́n tà, owó ìsìnkú tí gbogbo ọmọ dá, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò mọ̀ ọ́n, tí a kò sì gbọdọ̀ bi í? Àṣà kọ́ nìyẹn. Ìrọ̀rùn ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Nígbà míràn pàápàá, kì í ṣe ìrọ̀rùn ẹni náà. Òun gan-an ni ó ń fara gbá a jù. Ká ní àbúrò bàbá tí a ń wí yìí jẹ́ olóòótọ́ pọ́ńbélé, tí kò jẹ kọ́bọ̀ kan nínú owó ilé fún ogún ọdún. Ó ń fi owó ilé tún òrùlé ṣe, ó ń fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ opó, ó sì ń fi àtamọ́ tirẹ̀ kún un nígbà tí kò bá tó. Ó wá sùn, kò jí. Ní ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú, àwọn ayálégbé mẹ́ta ní àwọn ti san àsansílẹ̀ ọdún méjì. Àwọn ẹbí ní ọdún kan ni. Kò sí rìsíìtì, kò sí ìwé, àpótí rẹ̀ kò ní ju aṣọ àti awò ojú lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí ọmọ olè. Opó rẹ̀ yóò máa búra fún ohun tí kò mọ̀. Ẹni tí ó fi ọwọ́ mímọ́ sìn ìdílé lọ sí sàréè pẹ̀lú orúkọ tí kò mọ́, nítorí pé ní ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bèèrè ìwé, wọ́n lé ọmọ náà kúrò níwájú rẹ̀. Olóòótọ́ ni ìwé ń gbà sílẹ̀. Olè kò nílò rẹ̀. Ó ti jẹ tirẹ̀ tán.

Àdánù kejì ni ti ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní yunifásítì wọ́n ń kọ́ ọ pé kò sí owó tí kò ní ẹ̀rí. Nílé wọ́n ń kọ́ ọ pé bí ẹni tí ó ni owó bá ti dàgbà tó, ẹ̀rí kò ṣe é bèèrè. Èwo ni ẹ rò pé yóò bá a dàgbà? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọdún mẹ́rin yóò pé, ọdún ìsìnrú ìlú yóò tẹ̀lé e, yóò ṣe ìdánwò ICAN títí yóò fi yege, wọn yóò fún un ní tábìlì àti àga. Ọ̀gá rẹ̀ yóò wá gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ ní ọjọ́ kan pé kí ó fọwọ́ sí i. Yóò wò ó, yóò rí i pé kò dọ́gba, yóò sì rántí bí ilé ṣe pa lọ́lọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Yóò fọwọ́ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwíjàre lásán ni èyí, tàbí pé Nàìjíríà nìkan ni ó kàn. Ní 2001 ilé-iṣẹ́ Enron ní Amẹ́ríkà wó lulẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò ní ìwé. Ìwé wọn pọ̀, ó sì ń dán, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi gbèsè pamọ́ sẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n dá sílẹ̀. Arthur Andersen, ilé-iṣẹ́ àwọn ákáńtáǹtì tí ó ti wà láti 1913, ni ó ń yẹ ìwé náà wò. Ó ń gba owó ńlá fún àyẹ̀wò, ó sì tún ń gba owó ńlá mìíràn lọ́wọ́ Enron kan náà fún ìmọ̀ràn. Ní 2002 ó jọ̀wọ́ ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ mọ dẹ́bíìtì, wọ́n mọ kírẹ́díìtì. Ohun tí ó wọ́n wọn ni ẹnu láti bi ẹni tí ń bọ́ wọn léèrè. Kò sí kíláàsì tí ó lè kọ́ni ní èyí bí ilé kò bá ti fi lélẹ̀.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ ọdún kìn-ín-ní náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́nu olùkọ́, tí wọ́n wá dé ilé tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì da ojú àgbà rú. Wọ́n á bu ìyá wọn pé kò mọ èrè rẹ̀, obìnrin tí ó ti ń fi èrè ọ̀hún rán wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ láti kékeré! Ìyá náà lè má kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iye tí ó kù lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó mọ ọjà tí ń tà lọ́jọ́ òjò, ó mọ ẹni tí a kì í tà láwìn fún. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀nà sì wà tí ọmọ tí a kọ́ ń gbà béèrè ọ̀rọ̀. Kì í ṣe lójú àwọn àlejò, kì í ṣe ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ owó ti ń dá ìjà sílẹ̀, kì í sì í ṣe bí ọlọ́pàá. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá, kí ó má baà sú yín" ti tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ó tó bèèrè ìwé àgbà, kí ó ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè sọ bí owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ṣe lọ, ẹnu rẹ̀ kò tíì gba ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn olùkọ́ náà ní ipa tiwọn, ọ̀rọ̀ tiwọn kò sì gùn. Kí ni ó dé tí gbogbo àpẹẹrẹ kíláàsì ọdún kìn-ín-ní fi ń jẹ́ ti oníṣòwò ará Lọ́ńdọ̀nù kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí? Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì aláàjọ, kí wọ́n tó dé orí ìwé ilé-iṣẹ́ ńlá, ìdajì ìbẹ̀rù kíláàsì náà yóò ti lọ.

Ìsinmi mìíràn ń bọ̀. Ìdílé tí ó bá fẹ́ kò nílò ju ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ, tí ọmọ yóò fi ìlà pín ojú rẹ̀ sí méjì. Kí ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga àbúrò bàbá rẹ̀ ní àṣálẹ́, kí bàbá náà máa pè é, kí òun máa kọ ọ́. Bí wọ́n bá parí, kí ó kà á padà sí i létí sókè. Ó ṣeé ṣe kí bàbá náà dá a dúró láàárín, kí ó ní: "Rárá, ọkọ tẹ́là tó wà ní yàrá ẹ̀yìn kò san án lẹ́ẹ̀kan. Ó mú apá kan wá kí ọdún Iléyá tó dé, ó kó èyí tó kù wá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o kọ ọ́." Ọmọ náà yóò pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, yóò sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí bàbá ti wí.